Kọ̀ǹpútà wo, sọ́fítíwíà wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe orin ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ṣe orin kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà wo ló dára jù?” Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: níbo lò ń gbé, wákàtí mélòó ni iná fi ń wà níbẹ̀ lóòjọ́, irú orin wo ló sì wà lọ́kàn rẹ? Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kan ní Tanke, tí kò ní ínfátà, kò lè ra ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní sólà lórí òrùlé rẹ̀ ní Òmù-Àrán, kódà bí owó ọwọ́ wọn bá dọ́gba. Mo ti rí ẹni tó ná gbogbo owó àjọ rẹ̀ sórí sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé, mo sì ti rí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà ńlá tí kò lè tàn án ju wákàtí méjì lọ lálẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìfiwéra yìí, kí ẹni tó fẹ́ náwó lè mọ ohun tí ó ń rà kí ó tó tọwọ́ bọ àpò.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Iná ni mo fi ṣáájú, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí a kò lè tàn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ máa wo iye wátì tí ó ń jẹ, àti wákàtí tí bátìrì rẹ̀ lè gbé. Lẹ́yìn iná ni owó, pàápàá jù lọ owó sọ́fítíwíà, tí ó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà ti di ohun tí ọjà ń pinnu, ohun tí owó oṣù kan lè rà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a ń dá àjọ fún. 1,500 náírà sí dọ́là kan ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ó lè rọrùn. Kí oníkálùkù fi iye ọjọ́ tí ó bá fẹ́ rà á rọ́pò rẹ̀. Ìkẹta ni dátà. Sọ́fítíwíà kan wà tí kò tó 30MB, òmíràn sì wà tí ó lé ní 60GB, ẹni tó ń fi fóònù fa íntánẹ́ẹ̀tì sì mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn yóò ná an. Èyí tó kẹ́yìn, tí ó sì jinlẹ̀ jù, ni bí nǹkan náà ṣe bá orin tí a fẹ́ ṣe mu. Amapiano, orin Ìsìláàmù tí àwọn akọrin Ìlọrin ń gbà sílẹ̀, orin ìjọ, àti dàdàkúàdà tí ẹnìkan fẹ́ fi bíìtì tuntun sí nídìí, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kò dọ́gba.

Ìdí tí kò fi dọ́gba ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà mú ohùn jáde. Ní ọ̀nà kìíní, ìṣirò ló fi ń dá ohùn náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí ni síńtì. Ní ọ̀nà kejì, ẹnìkan ti gba ohùn dùùrù, fèrè tàbí ìlù tòótọ́ sílẹ̀, dídún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà kàn ń gbé e jáde bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì ni. Èyí ni sáńpùlù. Síńtì ń lo pùrósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), sáńpùlù sì ń lo RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti àyè ìpamọ́. Ẹni tí síńtì pọ̀ nínú orin rẹ̀ ní láti náwó sórí pùrósẹ́sọ̀ tó yára, ẹni tó sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ olórin ńlá kan máa dún nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní láti wá RAM tó pọ̀ àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) tó láyè. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Kọ̀ǹpútà

Bí a bá wo agbára tí owó kan náà lè rà, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló borí gbogbo wọn. A lè ṣí i, a lè fi RAM kún un, a sì lè pààrọ̀ ẹ̀yà kan láì ra òmíràn. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì nínú. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, iṣẹ́ tí a kò tíì pamọ́ ti bá a lọ nìyẹn, nítorí náà ẹni tó bá rà á ní láti ra UPS mọ́ ọn, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bátìrì ínfátà 12 fóòtì tí ó jẹ́ 100Ah ní agbára 1,200 wátì-wákàtí nínú, bí a kò bá sì fẹ́ kí ó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni kí a máa lò, ìyẹn 600. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ojú tí a fi ń wò ó, àti sípíkà méjì lè jẹ 250 wátì pa pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, wọn yóò sì lo 600 yẹn tán láàárín wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ 40 wátì, tí a fi hẹ́dífóònù gbọ́, yóò lo bátìrì kan náà fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí a bá yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ sẹ́yìn. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe orin ní òru, nígbà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá dákẹ́, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sọ bóyá orin náà yóò parí tàbí kò ní parí.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rà, mo sì gbà pé òun ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí mo ra èyí tí mo kọ́kọ́ ní, ẹni tó tà á fún mi nawọ́ sí àmì i7 tó wà lára rẹ̀, ó ní kò sí iṣẹ́ tí kò lè gbé. Mo gbé e délé, mo ṣí bíìtì kan tí síńtì mẹ́fà wà nínú rẹ̀, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wìnnìwìnnì. i7-7500U ni pùrósẹ́sọ̀ inú rẹ̀, core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú pùrósẹ́sọ̀) méjì péré ló ní. Ti ọ̀rẹ́ mi, tí owó rẹ̀ kéré sí tèmi, jẹ́ i5-8250U, ó sì ní core mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé nọ́mbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 ló ṣe pàtàkì ju i5 tàbí i7 fúnra rẹ̀ lọ. Láti ìran kẹjọ pùrósẹ́sọ̀ Intel (àwọn tí nọ́mbà wọn fi 8 bẹ̀rẹ̀, bíi 8250U), èyí tó jáde ní 2017, ni àwọn láptọ́ọ̀pù fẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń rí lọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní core mẹ́rin. Ìdí kejì tún wà láti má ṣe sọ̀kalẹ̀ sí ìran tó ṣáájú rẹ̀: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba Intel tí kò tó ìran kẹjọ, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀.

Nínú àwọn tí ọdún 2018 gbé jáde, mẹ́ta ni mo máa ń dárúkọ: Lenovo ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5, àti Dell Latitude 7490. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ní òkè òkun ló sábà máa ń lo irú wọn, ara wọn le, a sì lè ṣí wọn láti fi RAM àti SSD kún un. T480 ni mo fẹ́ràn jù nítorí ọ̀rọ̀ iná: bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí a lè yọ, a sì lè fi èyí tó kún rọ́pò èyí tó tán láì pa kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ má ṣe gba èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB. 16GB ló ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ ra èyí tó ní SSD tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, kí ẹ fi RAM kún un lọ́jọ́ mìíràn.

Kí ẹ tó sanwó, yálà ní Òpópónà Táíwò tàbí níbikíbi, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ fojú ara yín rí iye core àti RAM. Ẹ tẹ powercfg /batteryreport síbi ìkọ̀wé àṣẹ Windows (Command Prompt), yóò sì sọ fún yín bí bátìrì náà ti kú tó sí ti ọjọ́ tí ó jẹ́ tuntun. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ líle díẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, ohùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà náà. Eruku ọyẹ́ tí a máa ń rí láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì máa ń kó sínú fáànù rẹ̀, ooru oṣù kẹta yóò wá bá a níbẹ̀. Mo máa ń mú tèmi lọ fún fífọ inú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ooru tó dé.

Ọ̀rọ̀ fáànù yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ MacBook Air. Èyí tó ní pùrósẹ́sọ̀ M1, tí Apple gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, kò ní fáànù kankan, eruku kò sì rí ibi wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣájà 30 wátì ló ń bá a wá, bátìrì rẹ̀ lè gbé ọjọ́ iṣẹ́ kan bí kò bá tíì gbó, ohùn kì í sì í pẹ́ kí ó tó dún nínú rẹ̀, láì jẹ́ pé a wá ohunkóhun mìíràn kún un. Àbùkù rẹ̀ ni pé RAM rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ inú: iye tí ẹ bá rà ni ẹ ó lò títí. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti T480 lọ dáadáa, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ láàárín wa bí àwọn tó mọ Windows. Ẹ ṣọ́ra fún Mac tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ kan tàbí olówó rẹ̀ àtijọ́ ṣì tì pa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tún un bẹ̀rẹ̀ lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ó sì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Mac tó ṣì ń lo Intel, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á mọ́, nítorí pé Apple ti kéde pé macOS 26 ni yóò gbẹ̀yìn fún wọn. Fún ẹni tó jẹ́ pé ojú kan ló ti ń ṣiṣẹ́, Mac mini M4 ti ọdún 2024 wà láàárín: orí tábìlì ni, 16GB ló fi bẹ̀rẹ̀, iná tí ó ń jẹ kò sì ju 65 wátì lọ. Òun náà kò ní bátìrì, nítorí náà ọ̀rọ̀ UPS kò tíì parí.

Fóònù ńkọ́? BandLab, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti FL Studio Mobile tó lówó pọ́ọ́kú, lè gbé bíìtì gidi jáde, ohun tí a bá sì bẹ̀rẹ̀ nínú FL Studio Mobile ṣeé ṣí nínú FL Studio orí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ní iPhone ní GarageBand lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti gbọ́ orin tó dùn tí ọmọ ilé-ìwé kan fi fóònù nìkan ṣe ní Ọ̀fà. Ibi tí ìṣòro wà ni ọ̀pọ̀ fóònù Android: bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún, èyí sì máa ń da ẹni tó ń fi ọwọ́ lu ìlù láàmú.

Sọ́fítíwíà tí gbogbo iṣẹ́ ń gbé inú rẹ̀

FL Studio ni ọ̀pọ̀ pùròdúsà tí mo mọ̀ ní Ìlọrin ń lò, ìdí nìyí tí olùkọ́ rẹ̀ kò fi wọ́n. Ilé iṣẹ́ Image-Line ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é, ní 1997, nígbà tí wọ́n ń pè é ní FruityLoops. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù fún ẹni tó ń gba náírà ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ra á, gbogbo àtúnṣe tó bá jáde lẹ́yìn náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí ayé. Èyí tó kéré jù, Fruity, jẹ́ 99 dọ́là, ìyẹn 148,500 náírà, ṣùgbọ́n kò lè gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ láti inú máíkì. Ẹni tó bá fẹ́ gba akọrin sílẹ̀ ní láti lọ sí Producer, tí owó rẹ̀ sún mọ́ 200 dọ́là. Ẹ lè gbé èyí tó jẹ́ ti ìdánwò sórí kọ̀ǹpútà yín láì ní gbèdéke ọjọ́, ẹ lè gbé orin tó parí jáde láti inú rẹ̀, àmọ́ ẹ kò ní lè tún iṣẹ́ tí ẹ pamọ́ ṣí títí ẹ ó fi rà á. Ìkálọ́wọ́kò yìí le, síbẹ̀ ó tó láti fi mọ̀ bóyá ó bá ọwọ́ yín mu.

Reaper ni mo rò pé a fojú kéré jù láàárín wa. Ó kéré débi pé ẹni tó ní dátà díẹ̀ lè gbà á láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò tó 30MB. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ó sì ń rìn geerege lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. 60 dọ́là, ìyẹn 90,000 náírà, ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 20,000 dọ́là lọ lọ́dún, ẹ sì lè dán an wò fún ọgọ́ta ọjọ́ láì sí ohun tí wọ́n tì pa nínú rẹ̀. Fún gbígba ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, máíkì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò rí èyí tó dára jù ú lọ ní iye owó rẹ̀. Ohun tí kò ní ni ohun èlò orin: ìwọ̀nba díẹ̀ ló bá a wá, iṣẹ́ sì wà lọ́rùn yín láti wá ìyókù kún un.

Ableton Live, tí àwọn ará Berlin ní Jámánì gbé jáde ní 2001, yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Ó ní ojú ìwé kan tí a kò ti ń to orin láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, tí a kàn ń dá apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí a sì ń pè wọ́n wọlé tàbí lé wọn jáde bí orin ti ń lọ. Ẹni tó ń bá akọrin lọ sí òde àríyá, tí kò mọ ìgbà tí àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún un tí orin yóò sì gùn sí i, yóò mọ rírì èyí. Live Intro jẹ́ 99 dọ́là, tíráàkì mẹ́rìndínlógún sì ni òpin rẹ̀. Suite tó kún fún ohun èlò lé ní 700 dọ́là, ìyẹn ju mílíọ̀nù kan náírà lọ, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi lè náwó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ Focusrite Scarlett tuntun yóò bá Live Lite, ẹ̀dà kékeré rẹ̀, nínú rẹ̀, kò sì ní san owó mìíràn.

Logic Pro kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Orí ẹ̀rọ Apple nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, 199.99 dọ́là ni ti Mac lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun èlò orin tó ń bá a wá sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá ní in lè má ra òmíràn fún ọdún púpọ̀. Dátà tí yóò fà kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé tán kò kéré. Ẹ rántí pé irú plug-in (ohun èlò tí a ń fi kún sọ́fítíwíà) méjì ló wọ́pọ̀, VST àti AU: Logic kì í gba VST, AU nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra síńtì kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá AU wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí Windows: ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó dún bí a kò bá lo ASIO, ìyẹn dráífà tó ń jẹ́ kí ohùn gba ọ̀nà tààrà. FL Studio ní tirẹ̀ nínú, ASIO4ALL sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn yòókù. Bí bọ́fà (iye ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó gbé e jáde) bá jẹ́ 128, tí ègé ohùn 44,100 sì ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí bọ́fà náà fúnra rẹ̀ yóò fi mú un pẹ́ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá jẹ́ 512, yóò di ìdá méjìlá, ọwọ́ onídùùrù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ẹ lo bọ́fà kékeré nígbà tí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ gbé e sókè nígbà tí ẹ bá ń to orin pọ̀.

Ohun èlò orin inú kọ̀ǹpútà

Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, ó yẹ kí ó ti lo àwọn síńtì ọ̀fẹ́ mẹ́ta yìí tán: Vital, Surge XT, àti Dexed. Vital àti Surge XT lè ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí Serum, síńtì tí a ń fowó rà, ń ṣe, Vital sì máa ń fi bí ohùn ṣe ń yí padà hàn lójú, èyí tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mòye. Dexed kò ju ìwọ̀nba MB díẹ̀ lọ, síńtì Yamaha DX7 ti ọdún 1983 ló sì tẹ̀ lé. Irú ìṣirò ohùn kan náà ló wà nínú Fruity DX10 ti FL Studio, níbi tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ti rí ìlù ìsàlẹ̀ amapiano tí gbogbo ènìyàn ń wá kiri. Nítorí náà, ẹni tó ti ní FL Studio kò nílò láti ra àkójọ ohùn amapiano lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti rí ìlù yẹn.

Fún dùùrù, ìfiwéra tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Keyscape jẹ́ sáńpùlù, ó dùn létí, àmọ́ ó wúwo débi pé ẹni tó ń ra dátà lórí fóònù kò lè fojú kéré rẹ̀. Pianoteq, tí ilé iṣẹ́ Modartt ní Faransé ṣe, ń fi ìṣirò ṣe àwòkọ okùn dùùrù, kò sì tó 100MB. Àwọn tí etí wọn mú yóò sọ pé ti Keyscape sún mọ́ òtítọ́ jù. Èmi yóò sọ pé Pianoteq tó wọlé lónìí sàn ju Keyscape tí dátà rẹ̀ kò tíì pé. Bákan náà, BBC Symphony Orchestra Discover ti ilé iṣẹ́ Spitfire, àkójọ sáńpùlù ẹgbẹ́ olórin ńlá, jẹ́ ọ̀fẹ́, nǹkan bí 200MB ni, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ orin ìjọ.

Àwọn ìlù wa ni gbogbo nǹkan yìí kò ti tó nǹkan. Nígbà kan, mo fi ìlù gángan láti inú àkójọ sáńpùlù kan sí bíìtì, inú mi sì dùn sí i. Bàbá kan tó jẹ́ àyàn wá sí ọ̀dọ̀ mi fún iṣẹ́ mìíràn, mo ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìlù yìí ń sọ̀rọ̀. Kí ló ń wí?” N kò lè dáhùn, nítorí pé kò wí nǹkan kan. Ẹni tó ṣe àkójọ náà gba ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tò wọ́n láì ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú oríkì ìlú wa: “Ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.” Ẹ kọ ọ́ ní do, re, mi: ẹṣin, re re, leégún, re mi mi, ilé, re mi, wọn, re, ọ̀kọ̀, do do, lorò, re do, ibẹ̀, re do. Èyí rọrùn, nítorí pé kò sí ibi tí ohùn òkè ti tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ìlù náà pe Àfọ̀njá, ohùn òkè tó wà ní ìparí rẹ̀ tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀, nínú ẹnu Yorùbá irú ohùn bẹ́ẹ̀ máa ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni, kì í fò. Onílù ń fi apá fún ọsán ìlù, àwọn okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ṣe èyí. Ibí ni FL Studio ti borí: slide note rẹ̀ máa ń fa ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn gẹ́gẹ́ bí apá onílù, ẹ sì lè yà á sójú ìwé pẹ̀lú àwọn nóòtì yòókù. Inú ohun èlò ti FL Studio fúnra rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, kò kan VST tí ẹ rà níta. Nítorí náà ẹ gba lílù kan ṣoṣo ti gángan gidi sílẹ̀, kí ẹ fi í sínú Sampler rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nínú Live, ẹ lè lo Glide inú Sampler rẹ̀, tó ń fa ohùn bákan náà. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù.

Nípa ayédèrú sọ́fítíwíà tí wọ́n ń pín kiri nínú fílááṣì, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Fáírọ́ọ̀sì máa ń bá a wọlé, kì í gba àtúnṣe, ó sì lè kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ tí akọrin bá jókòó níwájú yín. Pẹ̀lú Reaper ní 90,000 náírà, Vital lọ́fẹ̀ẹ́, àti Serum tí ìkànnì Splice ń jẹ́ kí a san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi di tiwa, mi ò rí ìdí tí a fi ní láti jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ta ni kí ó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ínfátà, tí owó rẹ̀ kò sì tíì pé, kí ó fi BandLab tàbí FL Studio Mobile bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, kí ó má sì yá owó ra kọ̀ǹpútà. Nígbà tí owó bá dé, T480 tó ní SSD ni kí ó wá.

Ẹni tó ń ṣe bíìtì amapiano àti afrobeats, kí ó ra T480 tàbí 840 G5 pẹ̀lú 16GB, kí ó sì dá àjọ fún FL Studio Producer. Kí ó má fi Fruity ṣe ibi ìsinmi bí ó bá mọ̀ pé òun yóò gba akọrin sílẹ̀.

Sítúdíò tó ń gba akọrin Ìsìláàmù tàbí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sílẹ̀, Reaper lórí Windows ni, kí ìyókù owó lọ sórí máíkì àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Bí sítúdíò náà bá ní sólà tó lágbára, kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò wúlò níbẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ lọ sí òde, kí ó wo Live.

Ẹni tí ó lówó lọ́wọ́, tí iná kò sì dúró ní agbègbè rẹ̀, MacBook Air M1 tó ní 16GB pẹ̀lú Logic Pro ni yóò fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù. 8GB yóò gbé e ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí yóò ṣe sí i bí orin rẹ̀ bá dàgbà jù ú lọ.

Ẹni tí ìlù sì jẹ́ ọkàn orin rẹ̀, ohunkóhun tí ó ì báà ní lórí tábìlì, owó tí yóò fi ra àkójọ ìlù, kí ó fi pe onílù wá sílé ní ọjọ́ kan, kí ó gbé máíkì kan síwájú rẹ̀, kí ó sì sanwó rẹ̀ pé kí ó tó dìde.